Ọjọ́ Tí Mo Wọ Sùtánà Àyálò

Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọ́n á fi sin èmi náà. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ṣe ni mo máa ń fa fìlà bo ojú, bí ẹni pé àwọn tó jókòó tì mí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òjò ń rọ̀, òjò London tí kì í pariwo, tí kì í sì í dá. Òkú la fẹ́ sin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìsìnkú ni, nítorí tí mo bá débì kan, ẹ̀rín lè fẹ́ pa yín, ojú á sì tún tì yín pé ẹ rín in.

Mummy Rẹ̀mí là ń pe ẹni tó kú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé láti Ìbàdàn pẹ̀lú físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, ọ̀rẹ́ tó ní òun máa gbà mí sílé pa fóònù rẹ̀ lẹ́yìn tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bàlúù. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ mi, èyí tí ìjọ wa ní Ìbàdàn fún mi pé kí n fi wá ẹ̀ka wa tó wà ní Woolwich. Mo pè é, Mummy Rẹ̀mí ló gbé e. Wọ́n ní kí n wọkọ̀ ojú irin wá sí Abbey Wood. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti ń dúró dè mí nínú òtútù, kóòtù ọkọ wọn tó ti di olóògbé wà lọ́wọ́ wọn. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé yàrá kékeré nílé wọn ní South Thamesmead, níbi téèyàn ti lè rí adágún Southmere lójú fèrèsé. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ méjì sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n kọ́ mi pé bí arúgbó òyìnbó bá ní kò sí nǹkan kan tó ṣe òun, kí n yẹ orúnkún rẹ̀ wò, ó lè jẹ́ pé ó ti ṣubú láàárọ̀. Àwọn náà ló mú mi lọ sí ìjọ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, tí wọ́n fà mí lé pásítọ̀ lọ́wọ́.

"Daddy, ọmọ yìí mọ̀ nípa ẹ̀rọ o."

Bí mo ṣe di ọ̀gá ẹ̀rọ nìyẹn. Ká má purọ́, ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀rọ kò ju pé mo ti tú rédíò bàbá mi palẹ̀ rí, tí mo sì tò ó padà, tí ìdè mẹ́ta ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ. Kó tó pé ọdún méjì, èmi ni mò ń bójú tó ohùn, èmi ni mò ń bójú tó kámẹ́rà, èmi ni mò ń gbé ìsìn sórí ayélujára, nítorí ẹ̀ka mẹ́rin tí ìjọ wa ní ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ìkànnì kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń wẹ arúgbó tí kò mọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, bí máìkì bá hu báyìí, gbogbo ìjọ títí kan pásítọ̀ á yíjú sẹ́yìn wá mi. Ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi débi pé n kò kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ náà délẹ̀. Arábìnrin Bùkọ́lá, igbákejì mi, mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ. N kò fi bí wọ́n ṣe ń pa á hàn án. Páswọ́ọ̀dù ìkànnì, inú orí mi ló wà. Alábòójútó àgbègbè nìkan ló tún ní in, òun náà sì ti kọ ọ́ sínú ìwé kan tí kò rántí ibi tó fi sí.

Ní ọdún kẹta tí mo dé, àìsàn gbé Mummy Rẹ̀mí dè. Nígbà tó le, wọ́n padà sí ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n bí wọn sí. Ìjọ náà ní ẹ̀ka kan ní Thamesmead, kò jìnnà sílé wọn. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n ní orin tí ìyá àwọn fi ń rẹ àwọn lẹ́kún ni àwọn fẹ́ máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dun pásítọ̀ wa. Wọ́n wàásù lórí ẹni tó fọwọ́ sí ohun ìtúlẹ̀ tó tún wẹ̀yìn. Wọn kò dárúkọ, síbẹ̀ gbogbo ojú ló lọ síbi àga tí Mummy máa ń jókòó sí. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ àwọn ará ti dín nílé wọn. Tèmi náà dín. Mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ ló pọ̀. Láàárín oṣù méje, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọn kò lè jókòó mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n na ọwọ́, wọ́n fa ọrùn aṣọ mi, wọ́n ń wò ó bóyá mo wọ méjì sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ni mo wọ̀.

Rẹ̀mí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ló pè mí. Woolwich ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ kò ní "ẹ̀yin" nínú, àmọ́ ọmọ dáadáa ni.

"Uncle, Mummy ti lọ," ó ní. Ó tún ní, "Uncle, o lè bá wa ṣe livestream? Grandma ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọn ò fún un ní visa. Wọ́n ní kò ní padà sílé. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún! She just wants to see it. Jọ̀ọ́. Kò sí ẹlòmíì tí mo mọ̀."

Mo ní màá ṣe é. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo wo ọjọ́ àti aago tó fi ìsìnkú sí. Sátidé náà, aago mẹ́wàá àárọ̀ kan náà, ni ìpàdé gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọ wa. Alábòójútó àgbègbè fẹ́ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀ka mìíràn, àwọn ará Woolwich á sì máa wò ó lójú ògiri ńlá láti orí ìkànnì wa. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, pásítọ̀ kéde pé kò sí àwáwí. Arábìnrin kan tiẹ̀ dìde béèrè pé ìsìnkú Mummy Rẹ̀mí ńkọ́. Pásítọ̀ ní, "Àwọn ará ìjọ wọn á sin wọ́n." Èmi tí mo ti sùn nílé ẹni náà fún oṣù mẹ́rin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà tí mo ti ká tẹ́lẹ̀.

Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ pé, "Daddy, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Sátidé, sà." Wọ́n dáhùn pé, "Olúwa á fún ọ lókun. A ó rántí rẹ nínú àdúrà." Ẹ ó rí i pé wọ́n rántí mi lóòótọ́.

Sátidé pé. Mo gbé báàgì ẹ̀rọ kọ́ ọrùn, mo gba inú òjò dé ilé ìsìn àwọn aláṣọ funfun. Bàbá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ìka sí ẹsẹ̀ mi.

"Ọmọ mi, bàtà."

"Ẹ̀rọ ni mo fẹ́ lọ gbé kalẹ̀, sà."

"Ṣé ẹ̀rọ ló wọ bàtà ni?"

Mo bọ́ ọ. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi yọ jáde látinú ìbọ̀sẹ̀ bí ẹni tó wá kí àlejò. Ìyẹn kò tíì tó. Ojú kan ṣoṣo tí kámẹ́rà ti lè rí pósí dáadáa, ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ débẹ̀ láìwọ sùtánà. Wọ́n yá mi ní ọ̀kan. Bàbá gíga kan tó lọ sí Nàìjíríà ló ni ín. Ó ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn mi bí aṣọ ìyàwó. Bí pásítọ̀ bá rí mi ńkọ́? Mo wá tu ara mi nínú pé, ta ló máa ń rí ẹni tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà?

Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ṣí ìkànnì tuntun fún Rẹ̀mí, mo ti dán an wò, ó sì ti fi í ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ṣùgbọ́n bó ṣe ku ìṣẹ́jú márùn-ún, láptọ́ọ̀pù mi pa ara rẹ̀, ó tún tan ara rẹ̀. Bó ṣe jí, ibi tó mọ̀ ló padà sí, bí ẹran tó mọ ọ̀nà ilé: ìkànnì ìjọ wa ní Woolwich. N kò yẹ̀ ẹ́ wò. Iná pupa tó fi hàn pé à ń lọ ni mo rí, mo sì dúpẹ́. Mo ti bẹ Wòlíì tó ń darí ìsìn kí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn pa fóònù wọn, kí íńtánẹ́ẹ̀tì má baà fà. Wọ́n sọ fún àwọn èèyàn pé, "Ẹ̀gbọ́n kan tó mọṣẹ́ wà níbí, òun nìkan ló máa yàwòrán." Ara mi yá gágá. Fóònù tèmi wà nínú báàgì lábẹ́ àga, mo ti pa ohùn rẹ̀. Òun ló ń fún láptọ́ọ̀pù ní íńtánẹ́ẹ̀tì.

Mo wo iye èèyàn tó ń wò wá. Ogún. Ó di ọgọ́ta. Ó di àádọ́fà. Mo ní lọ́kàn mi, "Ìjẹ̀bú-Igbó mà jáde o!" Nígbà tó di igba, omi lé sí mi lójú. Mo ní Mummy gbayì nílé baba wọn.

Wòlíì ń gbàdúrà lórí òkú ni máìkì bẹ̀rẹ̀ sí í há bí ẹni tó gbé eegun mì. Mo mọ̀ pé wáyà tó gba iwájú pẹpẹ kọjá ni. Mo fi eyín já téèpù, mo há a mẹ́nu, mo rá pálá lọ síbẹ̀. Mo tẹ etí sùtánà mọ́lẹ̀. Orúnkún mi ló kọ́kọ́ balẹ̀, iwájú orí mi tẹ̀ lé e, níwájú pẹpẹ gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, láàárín ojú kámẹ́rà tí èmi fúnra mi gbé kalẹ̀.

"Ẹ̀mí ti gbé e!" obìnrin kan kígbe.

Kí n tó gbórí sókè, wọ́n ti yí mi ká. Ẹnì kan ń lu agogo lókè orí mi. Mo fẹ́ sọ pé wáyà ni mò ń tún ṣe, àmọ́ pẹ̀lú téèpù láàárín eyín, ohun tó jáde kò ju "mm-mm-hmm" lọ. Wọ́n ní mò ń fọ èdè. Ìyá Ìjọ gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn: "Olúwa, ẹni tó ń sá fún Ọ láti ọjọ́ yìí, O ti rí i mú lónìí o!" Ìjọ ṣe àmín. Ni mo bá rí i tí wọ́n gbé kẹ́tùlù omi àdúrà bọ̀, tí wọ́n ń wọ́n ọn káàkiri. Ibi tí gbogbo ẹ̀rọ mi ti ń gba iná wà nílẹ̀ nísàlẹ̀ àyà mi. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo dojú bolẹ̀ gbalaja, mo fi gbogbo ara bo iná náà. Ìyẹn ló wá dá wọn lójú pátápátá. Orin gbòde. Nígbà tí mo fi jàjà dìde, Rẹ̀mí ń wò mí láti orí ìlà iwájú. Ó ń sunkún, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Bí aago mọ́kànlá ṣe ń lù ni iná pupa kú. Mo gbìyànjú láti tan án padà. Láptọ́ọ̀pù ní n kò láṣẹ mọ́ lórí ìkànnì yìí. Mo ka orúkọ ìkànnì náà. Mo tún un kà. Mo fa fóònù jáde. Ìpè mẹ́tàlélógójì. Arábìnrin Bùkọ́lá ti kọ̀wé ránṣẹ́ léraléra.

"Bro, ìsìnkú ló wà lójú ògiri wa o."

"Bro, ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe ń pa á?"

"Bro, Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbàdúrà fún yín pé ẹ wà níbi iṣẹ́."

"Bro, wọ́n ń lu agogo lé yín lórí."

"Bro, ẹ̀yin kọ́ nìyẹn, àbí?"

Wákàtí kan gbáko ni wọn kò fi rí i pa, títí alábòójútó fi rí ìwé tó kọ páswọ́ọ̀dù sí. Ó pa á, ó yọ mí kúrò, ó sì nu gbogbo rẹ̀ dànù. Mo sáré wo inú láptọ́ọ̀pù bóyá ó fi ẹ̀dà kan pamọ́. Kò sí. Àyè ti tán nínú rẹ̀. Ìwàásù pásítọ̀ ló kún ibẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọ́n ti ń gbé pósí jáde, Rẹ̀mí wà lẹ́yìn rẹ̀, mo wo ojú rẹ̀, n kò lè sọ ọ́. Ní itẹ́ òkú, mo ní kí n kúkú fi fóònù ya ìyókù. Fóònù náà kú lọ́wọ́ mi. Mo dúró sẹ́yìn gbogbo èèyàn nínú òjò, sùtánà onísùtánà ń fa ẹrẹ̀, mo ń tẹ fóònù tó ti kú, mo tún ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo fi gbójú sókè, wọ́n ti ń kó ṣọ́bìrì.

Pásítọ̀ pè mí sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Wọn kò pariwo. Ìyẹn ló burú.

"O ní o wà níbi iṣẹ́."

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, sà." Ó já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

"Ṣé tiwa lo jẹ́, àbí tiwọn?"

Ìdáhùn wà lẹ́nu mi: tiwa ni, sà. Ìjọ yìí ni mo mọ̀ láti kékeré, n kò sì fẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, ó ṣe mí bí ẹni pé bí mo bá sọ ọ́ tán, mo ti bá wọn fi Mummy Rẹ̀mí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo dákẹ́. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ máa to àga.

Èyí tó dùn mí jù kò tíì dé. Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ bá Rẹ̀mí nílé. Ó ti gbọ́ láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá àgbà ti wọ aṣọ funfun láti òwúrọ̀, àwọn aládùúgbò ti kún pálọ̀, wọ́n gbé fóònù ti agolo mílíìkì. Ohun tó wà lójú rẹ̀ ni pé ètò máa tó bẹ̀rẹ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́, ètò máa tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń dìde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fẹ́ gbé fóònù kúrò, Ìyá ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, ó lè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Rẹ̀mí kò bú mi. Ó pe Ìyá àgbà, ó gbé fóònù fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé wọ́n lè rí mi.

"Ìyá, èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà."

"Ìwọ lo wà níbẹ̀?" Ohùn wọn kéré, ó sì mọ́.

"Mo wà níbẹ̀, mà."

"Ó dáa. Sọ fún mi. Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ fún un?"

N kò mọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò wo inú pósí náà.

"Orin wo ni wọ́n fi gbé e jáde?"

N kò mọ̀. Àkókò yẹn ni mò ń wo orúkọ ìkànnì.

"Ta ló kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí i?"

Ẹkún gbọ̀n mí. Mo wà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ìyá tó gbà mí sílé, wáyà ni mo wò. Ẹni tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò rí nǹkan kan, èmi tí mo wà níbẹ̀ kò rí ju tirẹ̀ lọ. Rẹ̀mí gba fóònù, ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń tiro sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: aṣọ funfun tí ó ní ìgbànú búlúù, orin, erùpẹ̀ tí òun kọ́kọ́ dà. Ìyá ń ṣe "ẹn, ẹn". Nígbà tó parí, wọ́n ní kí ó fún mi ní fóònù padà.

"Àwòrán tí o yà náà, kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ibo ló wá lọ?"

Mo sọ fún wọn. Woolwich, ojú ògiri ńlá, gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọ, àwọn ẹ̀ka yòókù nílé wọn.

Ìyá ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ.

"Àwọn tí ọmọ mi bá ṣe ìjọ fún ọdún mẹ́rìndínlógún? Àwọn tí wọn ò wá kí i?"

"Àwọn ni, mà. Èmi náà wà lára wọn."

"Gbogbo wọn rí i?"

"Gbogbo wọn, mà. Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á."

Ohun kan bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí mo pè ní ikọ́. Ẹ̀rín ni. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín títí ẹnì kan fi ń béèrè lẹ́yìn wọn pé kí ló dé. "A jẹ́ pé wọ́n bá wa sin ín," wọ́n ní. "Tipátipá, wọ́n bá wa sin ín." Rẹ̀mí bú sẹ́rìn-ín, èmi náà tẹ̀ lé e, a wá ń rẹ́rìn-ín, a ń nu ojú, n kò sì lè sọ ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò gùn. Ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore, má fi ìjọ ṣe àwáwí fún un nígbà tó wà láàyè. Bó bá sì kú, gbójú sókè kúrò lára ẹ̀rọ, kí o wò ó dáadáa, nítorí kò ní sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan. Iṣẹ́ tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, kọ́ ẹlòmíràn, pàápàá jù lọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Arábìnrin Bùkọ́lá ló jókòó sídìí ẹ̀rọ báyìí, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Èmi, àga ni mò ń tò ní Woolwich. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, pásítọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n dúró. Wọ́n kan bá mi gbé àga méjì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n lọ, mo sì jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga náà, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ fún ara mi, irú ẹ̀rín tí ẹni tó ṣẹ̀ máa ń rín nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò ó.